Ta Ni Ẹran Inú Ọbẹ̀ Tọ́ Sí?

  Bó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ wà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá ti gbá yín mú, ẹ gbé fóònù sétí dáadáa. Bí dátà yín bá sì ti fẹ́ tán, àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyí, ẹ máa kà á.

Orí àwo ọbẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí màámi, ṣì ń gbé nínú agboolé wa níbẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti kékeré mi, bí mo bá lọ kí wọn lọ́jọ́ Sunday, nǹkan kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á gbé àmàlà wá, wọ́n á bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e, wọ́n á fi ẹran méjì sí tiwọn, mẹ́ta sí tèmi. Ká tó jẹun dé ìdajì, ẹran tiwọn á ti bọ́ sínú àwo mi. "Gbà, ọkọ mi. Ìwọ lo ṣì ń dàgbà." Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n o! Mi ò mọ ibi tí mo ṣì ń dàgbà lọ.

Ìfẹ́ ni mo pè é, mo sì ń jẹ ẹran mi lọ. Àfi lọ́dún tó kọjá tí mo di apá wọn mú kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, tó jẹ́ egungun ni mo dì mú. Ìró tí wọ́n máa ń ró tẹ́lẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ẹni tó dá wa lóhùn ò tiẹ̀ gbé wọn sórí ìwọ̀n. Ó ní ọjọ́ orí ni, pé bí èèyàn bá ti darúgbó, inú rẹ̀ ò lè lo ẹran mọ́, kí wọ́n máa mu ògì. Àwọn àǹtí mi nílé mi orí: bẹ́ẹ̀ náà làwọn ṣe gbọ́ ọ.

Èmi ò mi orí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ẹni tó wádìí rẹ̀, àti ara ta ni wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ìbéèrè kẹta yẹn ló gbé mi wọ inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìlú Ìbàdàn níbí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀. Purotéènì ni olùkọ́ wa ní pámárì ń pè ní èròjà amúaradàgbà. Orúkọ yẹn wà lára ìṣòro náà, torí ó mú kó dà bíi pé ẹni tó ń dàgbà nìkan ló nílò rẹ̀. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, wàrà, gbogbo wọn ló ní in. Ẹ fojú inú wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí òwú. Ara wa ò lè lo ìlẹ̀kẹ̀ náà bó ṣe wà lára màlúù. Eyín ló máa kọ́kọ́ rún ẹran sí wẹ́wẹ́. Omi kíkan inú àpòlúkù á tú u, ẹ́ńsáìmù àpòlúkù àti ti ìfun á gé òwú náà títí ìlẹ̀kẹ̀ á fi kù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn là ń pè ní àmínò ásíìdì. Ìfun á gbà wọ́n, ẹ̀jẹ̀ á gbé wọn lọ sí ẹ̀dọ̀, láti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n á ti tàn káàkiri, kí ara tó tún wọn sín sí ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀: ẹran apá, ẹran itan, awọ, ẹ̀jẹ̀, àti àwọn ọmọ ogun inú ara tó ń bá àìsàn jà. Ojoojúmọ́ ni ara ń tú ògbólógbòó palẹ̀, tó sì ń sín tuntun, yálà èèyàn jẹ́ ọmọ ọdún méjì tàbí ọgọ́rin ọdún.

Ó dáa. Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, àgbà ló ni ẹran. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí agboolé ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba. Bàbá ni wọ́n ń gbé orí ẹran fún, ọmọdé á lá ọbẹ̀. Ẹyin? Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti mọ adùn ẹran jù, ọwọ́ rẹ̀ á wọ inú ìkòkò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmú sílẹ̀ wá ń gbé lórí ògì, bẹ́ẹ̀ a mọ bá a ṣe ń ṣe ògì: a ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó da èérí rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Apá kan lára purotéènì àgbàdo náà bá èérí lọ. Ewúrẹ́ ilé wá jẹ ju ọmọ lọ.

Ní 1933, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú irú ọmọ báyìí: ẹsẹ̀ wú, ikùn yọ, irun pọ́n, awọ ń bó. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pè é sínú ìwé ìròyìn Lancet: kwashiorkor, àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ó ní oúnjẹ ni, pé purotéènì ló ṣeé ṣe kó má tó. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá dókítà ìgbà náà kọ́kọ́ bá a jiyàn. Nígbà tó yá, ojú gbogbo ayé yí sí i.

Ìbàdàn wọ inú ọ̀rọ̀ náà láìpẹ́. Wọ́n dá Yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ níbí ní 1948, kí wọ́n tó ṣí UCH ní 1957. Ní 1953, Derrick Jelliffe tẹ ìwé jáde nípa bí àwọn Yorùbá Ìbàdàn ṣe ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó ń tọpa àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, ó sì ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì kan. Káàdì yẹn ló wá di ti gbogbo ayé, òun náà ni ìyá rẹ fi ń gbé ẹ lọ gba abẹ́rẹ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Adéwálé Ọmọ́lolú di ọ̀gá nínú ìmọ̀ oúnjẹ, ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ọmọ ń jẹ sì gbilẹ̀. Ní Òṣòdì, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ FIIRO po sóyà mọ́ ògì, wọ́n pè é ní Soy-Ogi. Ogun abẹ́lé náà dé, láti 1967 sí 1970, àwòrán àwọn ọmọ tí kwashiorkor mú sì kún inú ìwé ìròyìn ayé. Ní 1968, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwé jáde pé àìtó purotéènì ń bọ̀ wá bá gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ní 1974, Donald McLaren bínú, ó kọ ọ́ sínú Lancet pé àṣejù ti wọ̀ ọ́, pé ebi lásán náà wà níbẹ̀ tí wọn ò rí.

Mi ò sọ pé wọ́n ṣe ohun tí kò dáa o. Ọmọ ni wọ́n gbà là. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: láti 1933 dé 1974, ta ni wọ́n gbé sórí ìwọ̀n? Ọmọ.

Mo bi Ìyá àgbà nípa ìgbà yẹn. Àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bí àwọn àkọ́bí wọn. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan máa ń dúró níwájú wọn ní kílíníìkì, á gbé ẹyin sókè, á ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fún bàbá nìkan mọ́. Ọmọ ni kẹ́ ẹ fún." Ìyá tiwọn bá wọn jà nílé, ó ní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ di olè. Wọ́n fún ọmọ náà lẹ́yin. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni orí mi yí. Ìyá àgbà mi ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ìlera láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ fún wọn pé, màmá, ó ti yí padà, ó ti kàn yín báyìí.

Kí ló wá dé tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́?

Nígbà tí àwọn onímọ̀ kúrò lórí ọmọ, orí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni wọ́n lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn purotéènì tó tó èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ tó gbádùn. Inú purotéènì ni náítírójìn inú oúnjẹ wa ti ń wá, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á wọn oúnjẹ tó wọlé, wọ́n á gba gbogbo ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n á yọ èyí kúrò nínú èyí. Bí èyí tó jáde bá ju èyí tó wọlé lọ, ara ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Ta ló máa gbà pé kí wọ́n ti òun mọ́ ibi kan, kí òun máa tọ̀ sínú ìgò? Sítúdẹ́ǹtì ni. Ní 1988, Tọlá Atinmọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn tẹ irú iṣẹ́ yìí jáde nínú British Journal of Nutrition. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin Nàìjíríà ní ìwọ̀n purotéènì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti mọ èyí tó tó wọn. Babatúndé Òṣótìmẹ́hìn, tó wá di mínísítà ìlera lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Iṣẹ́ gidi ni, torí títí di ìgbà náà, ara àwọn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ìwọ̀n yẹn ti wá. Àmọ́ ọ̀dọ́ náà ni wọ́n lò.

Gbogbo ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Ní 1985, FAO, WHO àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní gíráàmù 0.75 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ló tó àgbàlagbà. Ní 2003, William Rand, Peter Pellett àti Vernon Young kó àwọn ìwádìí náítírójìn jọ láti ibi gbogbo, èèyàn 235 péré ló jókòó sábẹ́ gbogbo ìṣirò náà, àwọn arúgbó ò sì pọ̀ nínú wọn. Lórí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n gbé nọ́ńbà tuntun kà ní 2007: 0.83, nọ́ńbà kan náà fún ọmọ ogún ọdún àti ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò fún Ìyá àgbà. Bí wọ́n bá jẹ́ àádọ́ta kílò, gíráàmù mọ́kànlélógójì àti ààbọ̀ nìyẹn lójúmọ́.

Nígbà tó wá kan àwọn àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Faransé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí mò ń wá. Ní Clermont-Ferrand, Yves Boirie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì sára leucine, ọ̀kan lára àwọn ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ara ọ̀dọ́kùnrin àti arúgbó. Ní 1997 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Lára àwọn ọ̀dọ́, ìfun àti ẹ̀dọ̀ mú nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún kí èyí tó kù tó dé inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ káàkiri. Lára àwọn arúgbó, nǹkan bí 50 ni.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ rántí oníbodè. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ru ẹrù wọ ìlú á kọ́kọ́ san owó ibodè lẹ́nu odi. Ọ̀dọ́ àti arúgbó ru agbọ̀n kan náà. Oníbodè mú ìdá mẹ́rin kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́, ó mú ìdajì lọ́wọ́ arúgbó. Kì í ṣe pé arúgbó ò gbé ẹrù wá o. Ẹrù dé. Kò dé ọjà tán ni.

Ohun tí ẹni tó dá wa lóhùn ní ilé ìwòsàn yẹn ṣì mú nìyẹn. Ìfun àgbà tí ara rẹ̀ le ṣì ń gé purotéènì, ó ṣì ń gbà á. Ìṣòro wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wà ṣáájú rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn: yàtọ̀ sí owó ibodè, ẹran ara àgbà kì í tètè dáhùn. Díẹ̀ tó máa jí ẹran ara ọ̀dọ́ dìde ò ní jí tirẹ̀. Ní 2015, Daniel Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ọ̀dọ́kùnrin nílò nǹkan bíi gíráàmù 0.24 fún kílò kan nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kí ẹran ara tó ṣiṣẹ́ dójú àmì, àgbà nílò 0.40. Fún ẹni àádọ́ta kílò, ogún gíráàmù nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà. Ògì lásán? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Èyí tó wà ṣáájú, eyín ni, àti omi kíkan inú. Ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ yìí ló ti ní kòkòrò Helicobacter pylori nínú àpòlúkù láti kékeré. Bó bá pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè mú kí omi kíkan náà dín kù. Oògùn tí àwọn èèyàn ń rà ní kẹ́mísí fún ọgbẹ́ inú náà ń dín in kù, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di súìtì. Ìfun lè bo àṣìṣe àpòlúkù díẹ̀. Eyín ni kò sẹ́ni tó ń bá a bò. Ní 2007, ní Clermont-Ferrand yẹn náà, Didier Rémond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbà lẹ́ran jẹ, àwọn tí eyín wọn pé àti àwọn tó jẹ́ eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò. Àmínò ásíìdì pẹ́ kó tó dé ẹ̀jẹ̀ àwọn eléyín àtọwọ́dá, èyí tí ara wọn sì fi mọ nǹkan kéré sí ti àwọn yòókù. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Maastricht fún àwọn bàbá àgbà ní ẹran màlúù kan náà, ní odindi tàbí ní lílọ̀. Èyí tí wọ́n lọ̀ yára wọ ẹ̀jẹ̀, ara sì mú púpọ̀ sí i dúró nínú rẹ̀.

Ọdún 2013 yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní PROT-AGE dábàá pé kí ẹni tó bá lé ní ọdún 65 máa jẹ gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kílò kan. Fún Ìyá àgbà, àádọ́ta sí ọgọ́ta. Ẹ ò rí i? Àgbà nílò ju ọ̀dọ́ lọ. Ẹran tí mo ti ń gbà láti ọdún yìí wá! (Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kí ó bi dókítà rẹ̀ kó tó fi kún ẹran tàbí ẹ̀wà.)

Ìbàdàn ńkọ́ o? Ṣé a ò wọn àwọn àgbà rárá? Láti bí ọdún 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntọ́kun ní UCH ti rí i pé àìtó purotéènì lè gba ẹ̀yìn yọ sí àgbàlagbà lára. Ó ń tọpa àìsàn kan tó ń mú àwọn tó ń gbé orí ẹ̀gẹ́ nìkan: ẹsẹ̀ á máa ta gbọ̀n-ọ́n, ojú á ṣú, etí á di. Májèlé sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa ló fura sí. Ara máa ń fi ìmí ọjọ́ inú àmínò ásíìdì kan pa májèlé yẹn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí i pé irú àmínò ásíìdì bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù gàrí ní bíi gíráàmù purotéènì kan péré. Iye ẹ̀wà gbígbẹ kan náà ní bíi mẹ́tàlélógún.

Ọ̀ṣúntọ́kun yìí náà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tó tẹ̀ lé e. Ní 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ìdìkàn, níbí nínú Ìbàdàn àtijọ́, wọ́n ń wá ẹni ọdún 65 sókè. Àrùn tó ń gba iyè àgbà ni wọ́n ń wá. Ní 2001, Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú JAMA: nínú ọgọ́rùn-ún àgbà Ìdìkàn, bíi 1.15 ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún kan. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 2.52. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Ìdìkàn. Ọ̀ṣúntọ́kun kú ní 1995, kò rí i. Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ, torí wọ́n sì ń wọn àwọn àgbà náà láti ọdún dé ọdún, ní 2011 wọ́n tẹ èyí tí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n jáde: ara tó ń rù máa ń bá ìgbàgbé ọjọ́ ogbó rìn. Èwo ló ń fa èkejì? Mi ò ní purọ́ fún yín, ìyẹn kò sọ pé ẹran ló máa lé ìgbàgbé lọ. Ohun tó sọ fún mi ni pé bí àgbà bá ń rù, ẹ má ṣe wí pé ọjọ́ orí ni kẹ́ ẹ sì padà sílé. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n.

Ní 2012, wọ́n ṣí ibi tí wọ́n kọ́ fún àwọn àgbà nìkan ní UCH, Chief Tony Anenih Geriatric Centre. Ẹ ka ọdún rẹ̀: láti 1933 tí wọ́n ti kọ̀wé nípa ọmọ ní Gold Coast dé 1988 tí wọ́n wọn ọ̀dọ́kùnrin Ìbàdàn, dé 2012.

A gbé Ìyá àgbà lọ síbi tí wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò, wọ́n yẹ ikọ́ ìfe wò, wọ́n yẹ kíndìnrín wò, torí rírù lójijì lè jẹ́ àmì ohun tó burú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn. Dókítà obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló wá kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu." Ó wò ó. Ó bojú wò mí. Erìgì mẹ́ta ló kù lẹ́nu Ìyá àgbà, méjì wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọn ò sì kanra wọn.

Nígbà tá a délé, mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi sọ. Wọ́n ní, "Kí n máa pariwo eyín? Ìwọ náà sáà ń jẹ ẹ́, inú mi sì ń dùn." Ìfẹ́ ni lóòótọ́. Ìtìjú náà wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i nínú gbogbo wa tó ń jẹun lọ́dọ̀ wọn.

Oúnjẹ ò jìnnà. Ohun tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: àwọn ìyá Ìbàdàn ti yanjú ọ̀rọ̀ eyín kí Maastricht tó lọ ẹran. Kí ni gbẹ̀gìrì? Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sè, tí wọ́n fi ìjábẹ̀ jọ títí tí kò sí nǹkan tí eyín máa ṣe mọ́. Mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Èkuru? Ọlọ ti bá ẹni tí kò léyín jẹ ẹ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín, àgbàdo ni. Àmínò ásíìdì tí àgbàdo ò ní tó, ẹ̀wà ní in, èyí tí ẹ̀wà ò sì ní tó, àgbàdo bá a gbé e wá. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé gbẹ̀gìrì tiwa ti ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ láti ìgbà tí ẹ̀wà ti wọ́n. Ẹ lọ wo èyí tí wọ́n ń bù fún yín ní búkà.

Màámi wá ní kí wọ́n máa bá wa lọ ẹran Ìyá àgbà lọ́dọ̀ alápatà tó ní ẹ̀rọ. A jẹ́ kí gbẹ̀gìrì ki. Ẹyin sísè wọ inú mọ́ínmọ́ín àárọ̀, torí àárọ̀ gan-an ni purotéènì wọn kéré jù: ògì àti súgà ni wọ́n ń mu láti ọdún pípẹ́. Ẹja tútù tí a ti yọ eegun rẹ̀ ń dé lálẹ́. Wọ́n tún ní kí wọ́n máa rìn, torí ẹran ara tí kò bá ṣiṣẹ́ kì í dá oúnjẹ lóhùn. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti wọn á rọra rìn dé ìsàlẹ̀ Òkè Màpó, wọ́n á wo àtẹ̀gùn gbọ̀ngán náà, wọ́n á ní, "Ṣé ò ń wí pé kí n gun ìyẹn?" Mo ní rárá, màmá. Wọ́n gun mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì bú mi lórí ìkejì.

Mo ra ìwọ̀n kékeré kan ní Gbági. Ọjọ́ kìíní oṣù la máa ń gbé wọn lé e. Mo ń fa ìlà rẹ̀ sórí ìwé kan tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bíi ti káàdì àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Kílò méjì lé díẹ̀ ti padà láti ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀.

Sunday tó kọjá, mo jókòó tì wọ́n. Ẹran lílọ̀ wà nínú ọbẹ̀ tiwọn, odindi mẹ́ta wà nínú tèmi. Mo jẹ tèmi tán, ojú mi bá rọra ń rìn lọ sí àwo wọn. Ìyá àgbà gbé àwo náà kúrò níwájú mi, wọ́n gbé e lé itan wọn.

"Àjàní, o ti dàgbà. Lọ wá tìẹ."

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi.